Ọ̀rọ̀ Ilé: Kí A Tó Tẹ Orúkọ Ọmọ Jáde

Ọyẹ́ ọdún yìí kò fi ojú rere wo ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá jí ní ìdájí láti pọn omi ní ìlú Jọ́ọ̀sì, ìka ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un.

Àwọn tí wọ́n bímọ, àwọn tí wọ́n ṣílé, àti àwọn tí àgbà wọn wọ káà ilẹ̀ sùn ní oṣù tí ó kọjá, orúkọ wọn wà ní ojú ìwé kẹrin gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ní ojú ìwé yẹn kan náà ni a máa ń tẹ orúkọ àwọn ọmọ wa tí wọ́n gba oyè ní yunifásítì. Ẹ óò rí i pé kò sí orúkọ ọmọ kankan lábẹ́ àkọlé náà láti oṣù méjì sẹ́yìn. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ wa kò gboyè. Èmi ni mo dá a dúró, mo sì jẹ yín ní àlàyé, nítorí ìwé mẹ́ta ni mo ti gbà láti ọwọ́ àwọn òbí tí inú ń bí. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ béèrè bóyá owó ni mo ń dúró dè.

Ilé tèmi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ní ọmọ kan tí a bí sí ìlú yìí, tí ó kàwé ní ìlú yìí, tí ó sì ń sọ Hausa bí ẹni pé inú ààfin Bàúchi ni ó ti fá ẹ̀kọ. Ní ọdún 2018 ni ó wọ yunifásítì kan ní ilẹ̀ àwọn bàbá wa láti kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó, ọdún mẹ́rin. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ mọ bí ó ti máa ń rí fún àwa ará Òkè Ọya. Níbí, wọ́n ní kí ọmọ wa lọ gba ìwé ìbílẹ̀ wá láti ìlú bàbá rẹ̀. Bí ó bá dé ìlú bàbá rẹ̀, tí ó la ẹnu, wọn a ní Hausa dé. Ọmọ náà kò ní ẹ̀gbọ́n kan níbẹ̀, kò ní ìyá àgbà kan tí ó lè lọ jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Ìlú rẹ̀ ni a ní ó ń lọ, ṣùgbọ́n àlejò ni ó jẹ́ níbẹ̀.

Àbúrò mi jẹ́ télọ̀. Ó ní maṣíìnì mẹ́ta, ó ta ọ̀kan. Ìyàwó wa, tí ń ta pòtétò ní ọjà, dá àjọ méjì pọ̀ nítorí owó ilé-ìwé. Ní alẹ́ tí ọmọ yóò lọ, a pè é sí pálọ̀, a gbàdúrà fún un, a sì sọ ohun tí gbogbo ilé Yorùbá máa ń sọ: rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ìyá rẹ̀ sọ ọ́, èmi náà sọ ọ́, mo tilẹ̀ fi owó díẹ̀ tì í lọ́wọ́ bí mo ti ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Àwọn òbí wa sọ ọ́ fún wa, kò sì pa wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí ọmọ ẹni tí ó ń ṣe ní gbogbo òru, tí ó tún rántí maṣíìnì tí a tà àti àjọ méjì tí a dá, ẹrù ti wà lórí rẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé rárá.

Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá lórí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ní oṣù March ọdún 2020 àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, àrùn Kòrónà bá a pàdé, ilé-ìwé kò sì bọ̀ sípò títí ọdún fi parí. Ní 14 February 2022 wọ́n tún dá iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò sì padà títí di 14 October, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin di ọdún mẹ́fà. Ní oṣù mẹ́jọ yẹn, ọmọ wa jókòó ti bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnìkan kò ní dúró níwájú ilé kí ó bi í pé, “Ìgbà wo gan-an ni o máa parí?” Èmi pàápàá bi í, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Nígbà tí wọ́n padà, ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi oṣù mẹ́rin kọ́, oṣù méjì ni wọ́n fi sáré kọ́ ọ. Ìdánwò dé lẹ́yìn rẹ̀ gbàràgàdà. Ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí kàwé mọ́jú, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní TDB. Ó ń jẹ obì, ó ń mu kọfí, ó ń ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú omi tútù kí oorun má baà gbé e. Nígbà tí omi tútù kò ràn án mọ́, ọ̀rẹ́ kan fún un ní oògùn kéékèèké tí wọ́n ní ó ń lé oorun lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi lò ó. Oorun lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó wá fẹ́ kí ó padà, kò padà mọ́.

Láti ìgbà yẹn ni orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Ó ní kì í ṣe orí fífọ́. Ó ní ó dà bí ẹni pé a gbé ìkòkò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná lé òun ní àtàrí. Ní ọjọ́ mìíràn, ó dà bí ẹni pé ìjàlọ ń tò lọ nínú orí òun. Ojú rẹ̀ ń ṣú bí ó bá ti ń wo ìwé, ṣùgbọ́n bí ó bá pa ìwé dé, ó ń ríran. Ó lè ka ojú ìwé kan ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ó má rántí ìlà kan níbẹ̀. Ó wọ inú ìdánwò, ó rí ìbéèrè tí ó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè kọ ọ́. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó fi orí ṣánpọ́n nínú wọn. Kárí-ófà ni àwọn ọmọ ń pè é, èyíinì ni pé yóò tún padà kà wọ́n, èyí sì túmọ̀ sí ọdún kan sí i.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku ibi tí èmi ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ìyàwó wa wá sí ilé mi, ó ní àwọn ẹgbẹ́ ọmọ òun yóò gba oyè láìpẹ́, kí n bá òun fi sínú ìwé ẹgbẹ́. Inú mi dùn. N kò bi ọmọ náà. Mo kọ ọ́ pé ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ ní ilé wa, mo dárúkọ ọmọ àti bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀, mo sì fi kún un pé ìwà ọmọlúwàbí àti ìwé kíkà rẹ̀ jẹ́ àwòkọ́ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ wa. Ẹ kà á. Púpọ̀ nínú yín kí mi fún un. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin mú aṣọ ẹbí, àǹkárá aláwọ̀ ewé. Ènìyàn 43 ni ó gba aṣọ náà. Mo mọ iye wọn nítorí pé èmi ni mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀. A san àsansílẹ̀ owó bọ́ọ̀sì.

Ìyá rẹ̀ fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí i. Ó dáhùn pé, “Ẹ ṣé gan-an ni, màmá mi.” Láti ìgbà náà, bí a bá pè é, yóò ní òun wà ní ibi tí ariwo wà. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a gbéra, fóònù rẹ̀ kú pátápátá. Ìyàwó wa ní bóyá iná ni kò sí.

Ọmọ kan tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ni ó pè mí, òun náà ọmọ ìlú Jọ́ọ̀sì, tí àwọn òbí rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ wa. Ó kí mi fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tí ń wá ibi tí yóò ti mú ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí bọ́ọ̀sì yẹn gbéra. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ máa bọ̀, ẹ sì tètè máa bọ̀.” Ó sọ fún mi pé orúkọ ọmọ wa kò sí nínú àwọn tí yóò gboyè. Ó sọ fún mi pé kì í sùn, kì í jẹun, inú òkùnkùn ni ó máa ń jókòó sí ní etí bẹ́ẹ̀dì. Ó tún sọ gbólóhùn kan tí ọmọ wa ti sọ fún un lóru, tí n kò ní tún sọ níbí. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ ọdún 23 máa sọ nípa ẹ̀mí ara rẹ̀ ni. Ọmọ tí ó pè mí yẹn, àwọn òbí rẹ̀ mọ ara wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba, nítorí pé wọ́n ti kọ́ ọmọ wọn pé kì í ṣe gbogbo àṣírí ni a ń bò.

Èmi àti ìyàwó wa wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ kejì. N kò lè sọ ohun tí a bá sọ ní ojú ọ̀nà, nítorí pé a kò bá ara wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí a wọ yàrá náà, ọmọ náà dìde, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì lè dìde mọ́ ní ilẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ láti ìdúró ọkọ̀ títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ líle ni. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó wo inú ìkòkò tí ó wà ní igun yàrá, ó rí i pé ó gbẹ, ó ní, “Kí ni o jẹ láàárọ̀?” Ọmọ náà bú sí ẹkún. Ó sun ún títí ẹ̀rù fi bà mí.

A mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tí ó rí wa, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, kò béèrè máàkì rẹ̀. Ó bi í pé wákàtí mélòó ni ó ń sùn. Ó ní méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Ó ní kí ni ó ń jẹ. Ó ní gàrí, bí ó bá rántí. Ó ní bóyá ó ti rò ó rí láti pa ara rẹ̀. Bí ó ti bi í ní ojúkojú báyìí, mo fẹ́ dìde. Mo rò pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni yóò fi èrò náà sí i lọ́kàn. Dókítà náà ní rárá, ó ní béèrè ni kí a máa béèrè, nítorí pé ẹni tí ó ní irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń wá ẹni tí yóò gbọ́ ọ láìsá lọ. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà wá bi í pé ta ni ó ti sọ fún. Kò dáhùn, ó wo ìyá rẹ̀.

Nígbà tí mo pe àbúrò mi ní fóònù, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni ó fi ọwọ́ kan ọmọ mi?” Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ náà sọ fún mi pé ayé ni. N kò jiyàn lórí ayé; mo ti dàgbà ju kí n sọ pé ayé kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo wá mọ̀ fún yín, nítorí pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí mo jókòó, mo sì kàwé lórí rẹ̀.

Orí gbígbóná yìí kì í ṣe tuntun. Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta, rí i lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1960. Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é ni ó fi kọ ọ́: brain fag, bí ẹni ń sọ pé ọpọlọ ti rẹ̀. Orí tí ń gbóná, ohun tí ń rìn nínú orí, ojú tí ń ṣú, ìwé tí kì í dúró lórí ẹni, gbogbo rẹ̀ ni ó kọ sílẹ̀. Mo kà á, mo rò pé ọmọ wa ni ó jókòó níwájú rẹ̀. Ó sì ṣàkíyèsí ohun kan tí ó gún mi ní ọkàn: ó ní lọ́dọ̀ wa, ìwé ọ̀kan ṣoṣo nínú ìdílé kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìdílé ni ó ń sanwó rẹ̀, ìdílé ni ó sì ń retí èso rẹ̀. Síbẹ̀, nínú yàrá ìdánwò, òun nìkan ni ó ń jókòó. Ní ọdún 1980, Mọ́rákínyọ̀ kọ̀wé lórí rẹ̀ bákan náà, ó sì tọ́ka sí àìsùn àti oògùn alé-oorun tí àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ yege ní dandan máa ń lò.

Ìwé ńlá tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń ṣiṣẹ́ ka àìsàn yìí mọ́ àìsàn tiwa, ti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ní ọdún 1994. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 2013. Ní 2015 ni Dókítà Ayọ̀nrìndé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi hàn pé àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi orúkọ yìí kan náà pe àárẹ̀ ọpọlọ àwọn tí ń kàwé jù láti nǹkan bí ọdún 1850 sókè, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ò rí i bí? Àwọn tí wọ́n kó ilé-ìwé wá ni wọ́n kó àìsàn rẹ̀ wá pẹ̀lú. Mo sọ èyí fún àbúrò mi, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Nítorí pé mo dárúkọ Aró, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ ní 1954 tí gbogbo ayé wá ń sọ. Kò ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọgbà. Ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó wà ní àyíká, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń gbé láàárín ènìyàn. Òfin kan sì wà níbẹ̀: aláìsàn kì í dá wá. Ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa sè fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin yìí náà ni ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968. Mo máa ń rò ó bí ó ti rí fún akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà, tí ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó mọ ohun tí orí gbígbóná jẹ́.

Ohun tí ìyàwó wa ṣe nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ orúkọ Lámbò rí. Ó gba yàrá kan ní ìta ọgbà ilé-ìwé, ó sì bá ọmọ rẹ̀ gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Dókítà fún un ní oògùn, ó ní kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀, ó sì ń rí i ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ó fòfin de kíkàwé mọ́jú. Ó ní ẹni tí ó wà ní ọjọ́ orí rẹ̀ nílò oorun wákàtí 7 sí 9, àti pé inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà ní ọ̀sán sí ipò. Nítorí náà ẹni tí ó bá fi oorun ra ìwé kíkà, àdánù ni ó rà. Ní agogo mẹ́wàá alẹ́, ìyá rẹ̀ a gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀, a jẹ ohun gbígbóná, a ka ìwé fún bí ìṣẹ́jú 45, a dìde, a rìn jáde, a tún padà. Ilé-ìwé gbà kí ó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí ó kù nìkan. Olùkọ́ tí ń mójú tó kíláàsì wọn sọ fún mi pé bí ó bá ti wá ní ọdún tí ó ti kùnà, wọn ì bá ti ṣe é fún un nígbà náà. Ó ní àwọn ọmọ kì í wá.

Ohun tí ó ràn án lọ́wọ́ jù, ní ẹnu òun fúnra rẹ̀, ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí kàwé pẹ̀lú àwọn ọmọ méjì mìíràn. Ẹni kọ̀ọ̀kan a ka apá tirẹ̀, a sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí ó kù bí olùkọ́. Ó ní ohun tí òun bá ti fi ẹnu ara òun sọ fún ẹlòmíràn kì í sá kúrò lórí òun. Ọ̀nà olúkúlùkù sì yàtọ̀. Mo mọ ọmọ kan nínú wa tí bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ ni ó gbà á là, mo mọ òmíràn tí ó jẹ́ pé ẹgbẹ́ akọrin ni, òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé àwọn ará mọ́ṣáláṣí ilé-ìwé ni wọ́n ń pè é jáde láti yàrá rẹ̀. Àwọn ọ̀nà burúkú náà wà. Oògùn ikọ́ tí ó ní kódíìnì nínú, tí ìjọba àpapọ̀ fòfin dè ní May 2018, àti tràmádóòlù, ẹ má rò pé ọmọ ẹlòmíràn nìkan ni ó ń mu ún. Bí ọmọ yín bá dé fún ìsinmi, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó wo ìwé máàkì rẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀rù orúkọ ń bà, pé wọn yóò pe ọmọ òun ní wèrè, kí ó mọ̀ pé òfin àtijọ́ ti 1958 tí ó ń lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti kúrò. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun ni Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní January 2023. Ẹni tí ó jẹ́ pé owó ni ó ń gbóná lórí ọmọ rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò owó-yíyá aláìléèlé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 2024. Akọ̀wé ẹgbẹ́ lè fi bí a ti ń béèrè rẹ̀ hàn yín ní ọjọ́ ìpàdé.

Mo padà sí ojú ìwé kẹrin. Nígbà tí ara ọmọ wa ti ń balẹ̀, mo bi í pé kí ni kò jẹ́ kí ó sọ fún wa. Mo rò pé yóò ní ìbẹ̀rù bàbá òun ni. Ó ní, “Bàbá, mo ti fẹ́ sọ. Mo ti kọ ọ́ sínú fóònù, ó ku kí n fi ránṣẹ́ sí màmá mi. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi àwòrán ìwé ẹgbẹ́ ránṣẹ́. Nígbà tí mo rí orúkọ mi àti orúkọ bàbá àgbà níbẹ̀, mo pa ohun tí mo kọ rẹ́.”

N kò ní èsì tí mo fún un. Ojú ìwé tí mo ti ń kọ fún ọdún mọ́kànlá, tí mo rò pé ayọ̀ nìkan ni ó ń gbé lọ sí ilé àwọn ènìyàn, ni ó di ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ yìí.

Nítorí náà ni mo ṣe dá àkọlé yẹn dúró. Láti oṣù tí ń bọ̀ ni yóò padà, ṣùgbọ́n yóò padà lọ́nà mìíràn. Ọmọ tí ó gboyè fúnra rẹ̀ ni yóò kọ̀wé sí mi pé kí n tẹ orúkọ òun. Bí ìyá bá mú un wá, tàbí bàbá, tàbí alága ẹgbẹ́ pàápàá, n óò dúró de ọ̀rọ̀ ọmọ. Kò sì ní sí orúkọ kankan kí ilé-ìwé tó ka orúkọ náà jáde. Èkejì, a kò ní máa tẹ ìpele oyè mọ́, pé ẹni yìí ṣe ipò kìíní, ẹni yẹn ṣe ipò kejì. Mo mọ̀ pé èyí yóò dun àwọn tí ọmọ wọn ṣe ipò kìíní. Kí wọ́n fi orí jì mí. Wọ́n lè sọ ọ́ ní ibi àsè, kò sí ẹni tí yóò di ẹnu wọn. Ìyá kan kọ̀wé sí mi pé ìwé yìí nìkan ni òun fi ń yọ̀ ní ìlú àjèjì. Mo gbọ́, ìyá wa. Ẹ ní kí ọmọ kọ ìlà kan péré sí mi, a ó sì jọ yọ̀.

Ọ̀pọ̀ ti béèrè aṣọ aláwọ̀ ewé náà. A wọ̀ ọ́ níkẹyìn, níbi ìsìnkú ìyá àgbà kan ní Bùkúrù ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó sì bá wa lára mu, àyàfi àwọn tí wọ́n ti sanra. Ní ti ọmọ wa, ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ yìí kí n tó tẹ̀ ẹ́, ó yọ ìlà méjì kúrò nínú rẹ̀, ó ní kí n fi èyí tí ó kù sílẹ̀. Nígbà tí mo bi í bóyá kí n tẹ orúkọ rẹ̀ sí ojú ìwé kẹrin, ó ní kí n ṣì ní sùúrù ná.

Ní ìparí oṣù yìí, ìyàwó wa àti ìyá méjì mìíràn ń lọ bẹ àwọn ọmọ wa wò ní ilé-ìwé mẹ́ta ní Ìwọ̀-Oòrùn. Wọn kò ní béèrè máàkì. Mo ti gba ẹ̀jẹ́ lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó bá ní pòtétò, kúlíkúlí, ẹja gbígbẹ tàbí ata gígún láti fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, kí ó kó o wá sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí ó sì kọ orúkọ ọmọ sí ara àpò pẹ̀lú bírò dúdú. Bírò pupa máa ń parẹ́ bí pòtétò bá ti ń làágùn.